Fọ́tò Tí Orí Rẹ̀ Kéré

Owú ni. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ń ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó kọjú sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ìrìnnà. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rìnrìn àjò ládùúgbò wa, orí àpótí mi ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ jókòó. Màá ní kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, kí wọ́n má rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má mira. Mo ya wọ́n, wọ́n lọ, èmi ṣẹ́ kù. Ọdún kẹfà rèé.

Mo ní àbúrò obìnrin kan. Ẹsẹ̀-Ò-Gbélé la ń pè é láti kékeré, nítorí kò tíì mọ ìrìn dáadáa tó ti ń wá ọ̀nà ìta. Èmi àti ẹ̀ la jọ ní ìwé kan, ìwé àkọsílẹ̀ ẹlẹ́yìn pupa. Kí n má purọ́, èmi ni mo kọ ọ́, òun kàn ń ya òdòdó sí etí rẹ̀ ni. Inú ìwé yẹn ni mo kọ gbogbo ọ̀nà tí ọ̀dọ́ tí kò lówó lè gbà rí ayé sí. Kó wọ ọkọ̀ akẹ́rù, kó bá wọn já ẹrù bí wọ́n bá dé. Kó máa fọ abọ́ nílé èrò, kí wọ́n fi ibùsùn san án fún un. Kó bá àgbẹ̀ ká èso, kó jẹun níbẹ̀. Àpò kan ṣoṣo ni kó gbé, bàtà tó bá wúwo jù kó wà lẹ́sẹ̀, kó má wà nínú àpò. Ojú ìwé tó kẹ́yìn, tèmi nìyẹn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ̀ ojú omi kan wà tó ń kẹ́rù lọ sí àwọn erékùṣù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí omi, tó máa ń mú ọ̀dọ́ tó bá lè bó ànàmọ́ fún wọn ní ilé ìdáná. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí àwa méjèèjì gbéra ni Màmá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì í. Àbúrò mi ní òun á dúró. Mo ní, "Rárá, ìwọ máa lọ." Ẹnu lásán ni mo fi sọ ọ́. Mo rò pé á bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta, kí n wá ṣe bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bẹ̀ mí, ó sì lọ di ẹrù rẹ̀. Ó mú ìwé náà dání.

Bí ohùn tó ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lórí fóònù nìyẹn. "Àǹtí mi, orí àpò àlùbọ́sà ni mo sùn lánàá, ara mi ṣì ń rùn!" "Àǹtí mi, àwa mẹ́fà la wà ní yàrá kan, kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè ẹnì kejì, ẹ̀rín la fi ń sọ̀rọ̀." Màmá á ní kí n tún un tẹ̀. Á gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ ẹ́ fún nọ́ọ̀sì, ó tẹ̀ ẹ́ fún ará ilé òkè, ó tẹ̀ ẹ́ fún ẹni tó wá ka mítà iná.

"Ọmọ yìí ti gbọ́n o," ni Màmá ń wí. "Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun."

Mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. "Èmi wá ńkọ́, Màmá?"

"Ìwọ kẹ̀? Ìwọ wà lọ́dọ̀ mi."

Kò ní èrò búburú sí mi. Àmọ́ ó dùn mí. Mo nu ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, mo lọ da omi náà nù.

Nínú oṣù kẹrin tó ti lọ ni àbúrò mi kọ̀wé sí mi láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan: "Àǹtí mi, mo ti rí ọkọ̀ ojú ìwé tó kẹ́yìn! Wọ́n ti gbà mí! Ọjọ́ Ẹtì ló ń lọ, físà erékùṣù ló kù. Ẹ bá mi fi fọ́tò tí ẹ yà fún mi ránṣẹ́, ẹ gé e sí ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́."

Ọkọ̀ ojú ìwé tó kẹ́yìn. Kò tilẹ̀ sọ pé ọkọ̀ yín.

Nínú iṣẹ́ wa, ìwọ̀n orí lọ̀rọ̀ wà. Láti àgbọ̀n dé òkè irun, iye tó gbọ́dọ̀ jẹ́ wà. Tó bá fi díẹ̀ dín, ẹ̀rọ wọn á dá a padà, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀. Ojú lásán kò lè rí i, àfi onífọ́tò. Mo ṣí fọ́tò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, mo sì fi mìlímítà mẹ́ta dín orí àbúrò mi kù. Mo fi ránṣẹ́. Mo tún fi àwòrán ọkàn pupa kan tẹ̀ lé e. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà, àmọ́ odindi búrẹ́dì kan ni mo dá jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sì dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn onífísà dá a padà. Ó tún mú èyí kan náà lọ fún wọn. Lọ́jọ́rú, wọ́n tún dá a padà. Oníbàárà kan wà lórí àpótí mi nígbà tí ohùn rẹ̀ wọlé.

"Àǹtí mi, òṣìṣẹ́ wọn ní kí n lọ ya òmíràn lójú pópó. Mo ní láéláé! Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ló gé e, àǹtí mi kì í ṣi ìwọ̀n, ẹ̀rọ yín ló bàjẹ́. Mo bá a jà débi tó fi ní kí n jáde."

Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá gbà mí: lọ ya òmíràn. Mo ki fóònù bọ àpò, mo ní kí oníbàárà mi gbé àgbọ̀n sókè. Lọ́jọ́ Ẹtì, ọkọ̀ lọ.

Àbúrò mi ti fi ibùsùn tó ní nílé èrò sílẹ̀ nítorí ọkọ̀ yẹn, kò ríbi gbà mọ́, ló bá wálé. Ó rù, oòrùn ti sun ún dúdú. Màmá fi ọ̀pá rìn dé ẹnu ọ̀nà láti dì mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì, ó bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sórí àpótí, ó gbé ìwé ẹlẹ́yìn pupa lé ẹsẹ̀. Gbogbo ojú ìwé ló ti fi bírò máàkì, àfi èyí tó kẹ́yìn.

"Ọkọ̀ yẹn á padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta," ó ní. "Mo ti bá ọ̀gá wọn sọ ọ́. Mo ní ẹni tó ni ojú ìwé yìí ń bọ̀, kí wọ́n fi àyè méjì sílẹ̀. Màmá ti ń rìn, Àǹtí mi. Ẹ yà mí, kí èmi náà yà yín."

Ó gbé àgbọ̀n sókè fúnra rẹ̀. Ó mọ òfin mi.

Mo lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ọkọ̀ mi rèé, ó ń bọ̀ wá gbé mi. Mo fi ojú mọ́ kámẹ́rà, mo wo ojú rẹ̀ nínú rẹ̀, kò sì sí iyèméjì kankan níbẹ̀.

"Èmi ni mo dín orí ẹ kù," mo ní. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ìlara rẹ ló ń ṣe mí."

Kò mira. Kò rẹ́rìn-ín, kò bojú jẹ́. Mo ń retí pé á bú mi.

"Ẹ yà á," ó ní.

Mo yà á. N kò ya fọ́tò páásípọ́ọ̀tì tó dára tó yẹn rí. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gé e, mo nà án sí i. Mo dúró tì í, bóyá á ní ó kan èmi láti jókòó. Ó na ọwọ́ sórí tábìlì mi, ó mú rúlà, ó sì wọn orí ara rẹ̀ nínú fọ́tò náà, láti àgbọ̀n dé òkè irun. Ó pé. Ó tún un wọ̀n.