Jíìpù Tí A Gé Kúrú Nítorí Màmá

Jíìpù àbúrò mi ga débi pé bí ẹyẹ bá fẹ́ fò kọjá lórí rẹ̀, á kọ́kọ́ sinmi lágbedeméjì ọ̀nà. Mo ti rí òjò tó rọ̀ sórí ọkọ̀ náà láàárọ̀ tí kò kan ilẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àbúrò mi fúnra rẹ̀ gùn bí òpó iná, Òpó náà la sì ń pè é, torí náà òun àti ọkọ̀ rẹ̀ bára mu. Ọ̀nà ilé bàbá wa ló mú kó gbé e ga bẹ́ẹ̀. Kòtò ojú ọ̀nà yẹn lè gbé ilé alájà méjì mì kó má gbin, odò kan sì dábùú rẹ̀ tí kò ní afárá. Jíìpù yìí nìkan ló ń dé ẹnu ọ̀nà wa. Àwọn ọkọ̀ tó kù á dúró létí odò, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tí wọn ò pè síbi oúnjẹ.

Àmọ́ ọ̀dọ̀ wa nílùú ńlá ni Màmá wà lákòókò yẹn, torí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Omi kún gbogbo ara wọn. Ẹsẹ̀ wọn wú, kò ká mọ́, kò sí takisí tí wọ́n lè wọ̀. A yọ àga ẹ̀yìn jíìpù, a tẹ́ fóòmù síbẹ̀, Màmá á sì nà gbọọrọ bí ọba. Ibi tí wàhálà wà ni ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dúró lójú títì iwájú rẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́kọ̀ sí, ibẹ̀ náà sì ni lífítì wà, tó ń gbé aláìsàn lọ tààrà sẹ́nu yàrá tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ yìí, wọ́n fi ṣéènì so irin kan rọ̀, kó lè kìlọ̀ fún ọlọ́kọ̀ pé àjà kọnkéré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Jíìpù Òpó ga ju irin náà lọ fíìfíì.

Nígbà àkọ́kọ́, a ṣorí kunkun. A dúró lójú títì, a gbé Màmá sórí àga tí a fi ń jẹun, èmi níwájú, Òpó lẹ́yìn, a ń gun àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn lọ. Òjò ti rọ̀. Ẹsẹ̀ Òpó yọ̀, àga dojú dé, Màmá fìdí sọlẹ̀, ìró wọn sì tú. Àwọn kan ń sáré bọ̀ wá gbé wọn. Àwọn kan yọ fóònù, wọ́n ń ya fọ́tò.

Màmá ò sunkún. Wọ́n ní, "Ẹ dá mi padà sílé."

Nígbà tí a délé, wọ́n ní, "Bí ọkọ̀ ò bá gbé mi dé ẹnu lífítì yẹn, n ò lọ mọ́. Ọmọ ni mo bí, mi ò bí oníṣẹ́ ìran."

Dókítà sì ti sọ ọ́ fún wa kedere: bí wọn ò bá tètè wá, omi náà á dé ọkàn.

Bí a ṣe pe mẹkáníìkì ọ̀rẹ́ mi nìyẹn, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Kò-sí-wàhálà. Bí ilé rẹ̀ bá ń jó, á ní kò sí wàhálà, ó ti pẹ́ tí a ti ń wá ìmọ́lẹ̀. Ó wá sí iwájú ilé wa, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òpó ń yí ọkọ̀ rẹ̀ ká bí ẹni tí wọ́n ní kó wá di ọmọ rẹ̀ mú kí wọ́n gé e lẹ́sẹ̀.

"Bọ̀dá," ó ní, "sípíríǹgì tí wọ́n bá ti gé kì í hù padà."

"Ìyá náà kì í hù padà."

Òpó fúnra rẹ̀ ló gbé ayùn irin fún Kò-sí-wàhálà.

Kò-sí-wàhálà kì í fi téèpù wọn nǹkan, ó ní irọ́ ti pọ̀ jù nínú nọ́ńbà. Ọ̀pá ọparun ló gbé lọ sílé ìwòsàn, ó nà án ró lábẹ́ irin yẹn, ó gé e síbi tí orí rẹ̀ ti kan irin. Bó bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀, á na ọ̀pá náà ró ti jíìpù. Ó yọ irin agbẹ́rù orí ọkọ̀, jíìpù ga ju ọ̀pá lọ. Ó fi táyà kéékèèké pààrọ̀ àwọn ńláńlá, tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá rà wọ́n, ó lè fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́ ilé. Jíìpù ṣì ga jù ú lọ. Ó gé sípíríǹgì, ó tún gé e. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Níkẹyìn ó ku ìwọ̀n àtàǹpàkò kan péré, Kò-sí-wàhálà sì jókòó sílẹ̀.

"Bí mo bá tún fọwọ́ kan sípíríǹgì yìí, táyà á máa jẹ ara ọkọ̀ lọ́nà ni."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí kò dá orúkọ ara rẹ̀ pè.

Láti orí àga wọn lẹ́nu ilẹ̀kùn, Màmá sọ̀rọ̀. "Ṣé ọkọ̀ òfìfo lẹ fẹ́ gbé lọ síbẹ̀ ni? Ẹ gbé mi sínú rẹ̀, ká wò ó."

A gbé wọn sórí fóòmù. Jíìpù kérora, ó wálẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé gbogbo àdúgbò fi ẹsẹ̀ kan rì sílẹ̀, adìyẹ aládùúgbò wa sì yé ẹyin tí kò tíì tó àsìkò. Nígbà tí wọ́n na ọ̀pá ró, ó fi ìwọ̀n èékánná ga ju ọkọ̀ lọ.

Kò-sí-wàhálà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, ẹ̀yin gan-an lẹ parí iṣẹ́ yìí."

"Mo mọ̀ pé ara wíwú yìí ò ní wúlò fún àìsàn nìkan," ni Màmá wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ àtẹ̀gùn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìwọlé nìkan la wọn.

Lọ́jọ́ kejì a lọ. Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà na ọwọ́ sí wa. "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí ò lè wọ ibí."

"Ṣáà máa wòran," ni mo wí.

Òpó ń wa ọkọ̀ bí ẹni tó ru ẹyin sórí. Orí jíìpù gba abẹ́ irin kọjá, irin náà ò tiẹ̀ mì. Lórí fóòmù, Màmá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n fi kan òrùlé ọkọ̀ láti inú. Lẹ́nu lífítì, kẹ̀kẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì ti ń dúró dè wọ́n.

"O ṣé, ọkọ mi," ni wọ́n wí fún Òpó. "Bí mo bá sàn, kí o tún gbé e ga. Òun náà ni màá bá lọ sílé bàbá yín."

Ọwọ́ ọ̀sán ni dókítà jáde sí wa. Kò yára rìn. Ó ní omi ti dé ọkàn kí a tó gbé wọn dé, Màmá ti fi wá sílẹ̀. Mo ro gbogbo ọjọ́ tí a fi ń gé, tí a fi ń wọn. Bí jíìpù ti ń lọ sílẹ̀ ni omi ń gòkè.

Wọ́n kó báàgì àti bàtà Màmá lé mi lọ́wọ́. A sọ̀ kalẹ̀. Òpó ṣáná sí ọkọ̀, èmi jókòó tì í. Ẹnu ọ̀nà kan náà la ń gbà wọlé, la ń gbà jáde. A dé ibẹ̀, a gbọ́ gbàù: orí ọkọ̀ ti kan irin. Òpó fà sẹ́yìn, ó tún rọra lọ. Gbàù.

Olùṣọ́ sáré wá. "Ṣebí ẹ̀yin lẹ wọlé láàárọ̀?"

"Àwa ni."

"Kí lẹ wá yọ kúrò nínú rẹ̀?"

Lẹ́yìn wa, àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń fun fèrè. Olùṣọ́ ronú díẹ̀, ó ní kí àwọn mélòó kan bá wa wọ ẹ̀yìn kí ọkọ̀ lè wálẹ̀. Bàbá kan, ẹni ire, ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ti gbé orúnkún lé fóòmù.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Òpó wí jẹ́jẹ́, "ẹ má jókòó síbẹ̀."

Bàbá náà wo fóòmù, ó wo báàgì ọwọ́ mi. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

Mo bọ́ sílẹ̀, mo ń kúnlẹ̀ ti táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń tú afẹ́fẹ́ wọn. Jíìpù ń wálẹ̀ bọ̀, ó ń mí bí arúgbó tó fẹ́ jókòó. Òpó wà á gba abẹ́ irin kọjá, rọ́bà ń lọ̀ mọ́ ilẹ̀, títí tó fi bọ́ sójú títì, tí kò sì lè lọ mọ́.

Mo wọlé tì í. Ó ń wo iwájú.

"Bọ̀dá," ó ní, "ọkọ̀ wo ló máa wá gbé Màmá sọdá odò lọ sílé bàbá wa?"

Ẹnu mi yìí, tó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo ti fi àgbọn kan ṣoṣo pa ejò méje, mo yà á. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Ẹnì kan fọwọ́ gbá gíláàsì ọkọ̀. Ọ̀gbẹ́ni onífèrè tó ń lé ọkọ̀ lójú títì ni. Ó ní ká gbéra, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀.