Ilé Ẹ̀yìn Tí Mi Ò So

Wọ́n ní gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé jọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: èmi ni mo jẹ̀bi. Ìbínú ló kó bá mi. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń sọ pé orí kunkun mi yóò ṣe mí léṣe, wọn ò kàn mọ̀ pé ẹlòmíràn ni yóò ṣe léṣe ni.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn kan. Ilé mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní dátábéèsì tirẹ̀, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó orúkọ àwọn aláìsàn pa mọ́ sí. Ọ̀gá wa ra ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá kan tí yóò máa gbé fóònù fún àwọn tó ń wá èèyàn wọn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n so dátábéèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ ọn, kó lè máa wo ibẹ̀ kó tó dáhùn.

Méjì àkọ́kọ́ ò gbà mí ju ọjọ́ méjì lọ. Ẹ̀kẹta, ti ilé ẹ̀yìn, ọwọ́ àgbà nọ́ọ̀sì kan ni páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ wà. Màmá Kọ́kọ́rọ́ là ń pè wọ́n, nítorí kọ́kọ́rọ́ tó kún ìbàdí wọn. Mo já wọlé, mo ní kí wọ́n fún mi ní páásíwọ́ọ̀dù. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n bi mí lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn pé ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń wọlé tọ àgbà láì kí i, pé kí n jáde, kí n tún padà wọlé bí ọmọ tó gbẹ̀kọ́. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ha! Èmi tí mo níyàwó nílé? Mo jáde lóòótọ́, mi ò sì padà wọlé. Mo fàáké kọ́rí pé kàkà kí n lọ bẹ obìnrin yẹn, kí ilé ẹ̀yìn wà bẹ́ẹ̀.

Mo purọ́ fún ọ̀gá pé mo ti so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. A tan ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ Ajé. Èmi náà ni mo kọ gbólóhùn tí yóò máa sọ bí kò bá rí orúkọ: "Kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa." Ó ṣe ṣókí. Mo tiẹ̀ yin ara mi.

Lọ́jọ́ kẹjọ, bíríkìlà kan wọ ọ́fíìsì mi, sìmẹ́ńtì ṣì lẹ̀ mọ́ bàtà rẹ̀. Ó ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún un láyé. Ó ní ọjọ́ mẹ́fà lòun fi pe ẹ̀rọ wa láràárọ̀, tó ń sọ pé kò sí, lòun bá ń wá ilé ìwòsàn tó kù káàkiri. Àárọ̀ ọjọ́ náà lẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣubú lójú títì, pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n gbé e wá. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti mọ ilé tó máa wà. Mo mú un lọ sí ilé ẹ̀yìn.

Màmá Kọ́kọ́rọ́ ò tiẹ̀ wojú mi. Nígbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ ẹni tó ń wá, wọ́n di ọwọ́ bíríkìlà náà mú, wọ́n ní kó jókòó. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò rántí nọ́ńbà fóònù kankan, orúkọ ara rẹ̀ àti pé òun ní àbúrò nìkan ló rántí, àwọn sì ti kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tó dé. Ìdájí àná ló kú.

"Ojoojúmọ́ ló ń béèrè yín," wọ́n ní. "Ó ní àbúrò òun ò ní ṣàì wá."

Ọkùnrin náà ò sunkún. Èmi ni mo sunkún, bí mo ṣe wà lórí ìdúró. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, pé ẹ̀rọ ò tilẹ̀ mọ̀ pé ilé yìí wà, pé ìbínú ni ò jẹ́ kí n so ó. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Ṣé ẹ ò lè ní kí ẹ̀rọ yín sọ fún mi pé òun ò tíì wo ibí ni?" ó bi mí. "Ǹ bá ti wá fúnra mi."

Ó ṣeé ṣe. Ìlà kan péré ni, kò gbà tó ìṣẹ́jú méjì. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, torí mi ò lè tún purọ́. Ó mi orí, ó wá bi Màmá pé níbo lòun ti máa gba aṣọ ẹ̀gbọ́n òun.