Orin Sinimá Níbi Ìyípo Kaaba

Ìyípo kẹrin ni wọ́n wà. Àlàájì Rauf di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú ṣinṣin láàárín èrò tó ń yí Kaaba ká, ni Munirah bá bú sórin.

Kì í ṣe àdúà. Orin inú sinimá Amẹ́ríkà kan ni, sinimá ẹlẹ́rìn-ín tí wọ́n jọ wò n'Íbàdàn kí wọ́n tó fẹ́ra. Nínú rẹ̀, agbáwo ilé oúnjẹ kan gbé àwo méjìlá dání, ó ń jó lórí tábìlì, ó ń kọrin sí ọmọge kan. Àwo kankan kò fọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Màmá dákẹ́," ni Fauziyyah ọmọ wọn wí lẹ́yìn wọn. "Orin sinimá nínú Haramu! Wọ́n ti ń wò wá."

Ó ti pé ọdún méjì tí àrùn ìgbàgbé ti mú Munirah. Nínú ilé wọn ní Al-Baghdadiyah ní Jeddah, "Dókítà" ló ń pe ọkọ rẹ̀, bí ẹni tó wá gba ìtọ́jú. Àfi tó bá kọ orin yìí. Á kọ ti ọmọge, á dúró de ti agbáwo. Bí Rauf bá gbè é, á mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ kan tí Rauf kò gbè é, ó já ọwọ́ gbà, ó sá jáde. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó rí i.

Munirah kọ ti ọmọge tán, ó ń wo Rauf. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń yọ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Níwájú àti lẹ́yìn, ẹsẹ̀ kò gbèrò.

Oníwákà ni ìyá Rauf. Orin yòówù tó bá gbọ́ lójú pópó, á bọ́ ọ̀rọ̀ ayé kúrò lára rẹ̀, á fi orúkọ Ọlọ́un wọ̀ ọ́. Rauf la ẹnu. Ohùn agbáwo ló fi gbè é: "Subuhánálláhi, alihamudulilláhi."

"Bàbá! Ẹ̀yin náà?"

"Máa rìn."

Munirah wo ẹnu rẹ̀, ó tún un sọ. Títí wọ́n fi parí ìyípo keje, ohun tí wọ́n ń kọ nìyẹn.

"Búọ̀dá Rauf," ni Munirah wí, "ẹ ò mọ orin í kọ síbẹ̀."

Fauziyyah rẹ́rìn-ín, ó fi ìbòrí rẹ̀ nu ojú.

Lọ́jọ́ kejì, ní Jeddah, Rauf jókòó ti Munirah, ó kọ orin náà bó ṣe wà nínú sinimá.

"Dókítà, kí lẹ̀ ń wí?"

Ó padà kọ Subuhánálláhi. Munirah gbè é, ó sì pe orúkọ rẹ̀.

Kò tún mọ ọ̀rọ̀ kan mọ́ nínú orin sinimá náà. Ohùn orin náà nìkan ló kù.