Iná Pupa tí Gbàdàmọ́sí Pa

Láti ọjọ́ tí Tíṣà Harold ti kú ni Gbàdàmọ́sí mẹ́káníìkì kì í ti í fẹ́ gbọ́ kí omi máa hó lórí iná. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti gbé kẹ́tùlù kaná láàárọ̀, á dìde kúrò níbẹ̀, á ní òun ń lọ ṣe àlùwàlá. Àlùwàlá wo ló ń gba odindi wákàtí kan? Ẹ̀rù ló ń bà á, kò sì rí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọkọ̀ Tíṣà fúnra rẹ̀ rọra wọ ọgbà iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà Ẹ̀jìrìn. Helen, opó Tíṣà, ló ń wà á. Ó jókòó sí etí àga bí àlejò, nítorí kò fa àga náà síwájú kúrò níbi tí ọkọ rẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tì í sí. Èéfín funfun ń yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gbàdàmọ́sí mọ ìró ẹ́ńjìnnì yẹn bí èèyàn ṣe ń mọ ikọ́ ará ilé rẹ̀. Ó ṣe é bíi kó sá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Hafeezah."

"Ẹ kú ìrìn, Ìyá Ìyìnolúwa. Ẹ̀yin lẹ wá ń wà á báyìí?"

"Ọdún kan àti oṣù méjì ni mo fi tapólì bò ó. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé mi lọ máa kọ́ni ní ilé ìwé kan ní Ìbẹ̀fún, mi ò sì lè máa gun ọ̀kadà lójoojúmọ́." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé e jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló hó, ibì kan náà sì ni, lórí òkè tó wà lẹ́yìn Odògbolú. Ibi tí Harold..."

Kò parí rẹ̀. Ta ni kò mọ ibẹ̀? Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti hó mọ́ Tíṣà lọ́wọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tipa oníyanrìn kan tó já láti òkè sì gbá a pa, ṣùgbọ́n kò kan ọkọ̀.

"Harold ni kò fẹ́ kí n wà á," ni Helen wí. "Mo sì mọ ìdí rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ní kí n bá òun wo omi rédíétọ̀. Ọmọ ń ké, mo gbàgbé. Nígbà tó bi mí, mo ní mo ti wò ó. Èmi ni mo pa ọkọ mi, Bàbá Hafeezah. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún mi, kí ẹ sì sọ òótọ́."

Gbàdàmọ́sí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Áńkáṣíìfù Tíṣà ṣì wà níbẹ̀, èyí tó máa ń fi ṣí ìdérí rédíétọ̀ kí ó má baà jó o lọ́wọ́. Gbàdàmọ́sí dúró kí ọkọ̀ tutù díẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù náà ṣí i. Omi ṣì kù púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó pọ́n, ìpẹtà irin léfòó lójú rẹ̀.

"Mo bu omi kún un láàárọ̀ yìí," ni Helen wí.

Gbàdàmọ́sí ní kí Helen tan ẹ́ńjìnnì. Fáànù ń fẹ́ dáadáa. Ó ní kó pa á, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kan ara rédíétọ̀ náà wò. Òkè rẹ̀ gbóná janjan. Àárín rẹ̀ tutù bí ara òkú. Ìpẹtà ti dí i pa, omi kò lè kọjá, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dí.

"Ṣé kò séwu?" Ohùn Tíṣà ni, lẹ́bàá etí rẹ̀.

Bó ṣe bi í nìyẹn ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, oṣù mẹ́ta kó tó kú. Iná pupa kan, tó ń kìlọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù, ń tàn níwájú àga awakọ̀, Tíṣà sì gbé ọkọ̀ náà wá. Gbàdàmọ́sí ń kánjú lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ó rí i pé omi kún, fáànù sì ń fẹ́, ó bá ní iná yẹn ló ń purọ́. Ó gé wáyà rẹ̀, iná kú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ ìyẹn fún àwọn mẹ́káníìkì wa! Bí iná bá ti ń da oníbàárà láàmú, wọ́n á pa á lẹ́nu mọ́. "Ṣé kò séwu?" ni Tíṣà bi í. "Kò séwu rárá," ni òun fi dá a lóhùn.

Nísinsìnyí, ó rí wáyà náà níbi tó gé e sí. Kò sí àmì kankan lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí orúkọ ẹni tó gé e. Bó bá ní omi ló fà á, opó yìí á sunkún lọ sílé, orúkọ òun á sì mọ́ lọ́nà Ẹ̀jìrìn.

"Ṣé èmi ni?" ni Helen bi í.

"Ṣé kò séwu?" ni òkú bi í.

"Ewu ń bẹ, Tíṣà!" ni Gbàdàmọ́sí pariwo. "Ewu ń bẹ!"

Helen sún sẹ́yìn. "Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Gbàdàmọ́sí bó ojú wáyà náà, ó so ó padà. Ó ní kí Helen wọ inú ọkọ̀ kó tan án. Iná pupa kan tàn níwájú Helen, iná tí kò rí rí.

"Iná yìí ló yẹ kó sọ fún Tíṣà pé kó dúró ní Odògbolú, kó má gun òkè yẹn," ni Gbàdàmọ́sí wí. "Kì í ṣe omi. Ẹ bu omi kún un lónìí, ṣé kò hó? Rédíétọ̀ ló dí, òkè yẹn ni kò lè gbé. Ó ti dí nígbà tí Tíṣà gbé e wá fún mi, mi ò wò ó dé inú. Èmi ni mo gé wáyà iná yìí."

Helen tẹjú mọ́ iná náà.

"Ṣebí ẹ wá síbi ìsìnkú Harold," ni ó wí. "Ẹ̀yin lẹ dì mí mú tí mi ò fi ṣubú sínú kòtò. Ẹ gbọ́ tí mò ń bẹ Harold pé kó dárí jì mí. Ẹ sì dákẹ́."

Omijé ń ṣàn lójú Gbàdàmọ́sí, kò nù ún.

Helen gba áńkáṣíìfù ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ àga, ó sì fà á síwájú títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi tó ìjánu ọkọ̀ dáadáa.

"Ẹ tún un ṣe," ni ó wí. "Èmi ni màá máa wà á."