Ìrun Tí Ìyá Arúgbó Kí ní Ṣọ́ọ̀ṣì

Kò sí obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ àsàlátù àdúgbò wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá tí kò mọ̀ pé Mọ̀dínátù kì í gba gbẹ̀rẹ́. Bí ó bá jókòó níwájú wọn láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí ẹnì kan ń ka Fátíhà, tí ó fa ibi tí kò yẹ kó fà, yóò dá a dúró, yóò ní kó tún un kà. Bí kò bá tíì tọ́, yóò tún ní kó tún un kà. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, torí ẹni tó bá lè fara dà á ni yóò mọ kéwú.

Híjáàbù ló ń rán. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá títì tó lọ sí Ìdímù, iyàrá tó ń gbé sì wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù náà. Ọkọ rẹ̀ ti di olóògbé, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wà nílé ọkọ. Nígbà tí àwọn ará ilé pè é láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé ìyá rẹ̀, Sàlámátù, gbé ìkòkò kaná, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí iná fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ran àjà, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó lọ mú ìyá rẹ̀ wá sí Èkó.

Ìyá arúgbó náà ò ṣòro tọ́jú. Ohun tí wọ́n bá fún un ló ń jẹ. Yóò jókòó lórí àga lẹ́bàá ẹ̀rọ ìránṣọ, yóò máa ká àjákù aṣọ lé ara wọn, yóò sì máa kí àwọn oníbàárà bí ẹni pé ojú ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí gbogbo wọn. Ibi ìrun ni wàhálà wà. Yóò kí Àyìlà, ìrun ọ̀sán, tán, yóò tún dìde pé òun fẹ́ẹ́ kí i. Yóò bẹ̀rẹ̀ Fátíhà, bó bá dé àárín, á dákẹ́, á máa wo ògiri. Nígbà mìíràn, orúkọ àwọn èèyàn tó ti kú nílé ló fi ń dí ibi tó bá ti gbàgbé.

"Ẹ tún un kà, màámi," ni Mọ̀dínátù máa ń wí.

Ìyá á tún un kà, kò sì ní tọ́. Mọ̀dínátù á wá máa fi ọ̀rọ̀ náà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń rọ àgbo fọ́mọ, ìyá á máa wí tẹ̀lé e títí omi á fi lé ròrò sójú rẹ̀.

Àbúrò Mọ̀dínátù, Zikrullah, tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Ìjẹ̀gùn, wá kí wọn lọ́jọ́ kan, ó sì bá wọn lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ìyá wọlé tán, ó bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó fi ìyá sílẹ̀ jàre, pé ṣé kò rí i pé ẹní ìkírun ti ń ba ìyá lẹ́rù ni. Mọ̀dínátù bi í bóyá ó fẹ́ kí ìyá wọn kú láìkírun.

Mọ̀dínátù gba ọ̀dọ̀ lèmọ́mù lọ, ó rò pé ìyẹn yóò ti òun lẹ́yìn. Lèmọ́mù gbọ́ tẹnu rẹ̀ tán, ó ní ẹni tí làákàyè bá ti fi sílẹ̀, Ọlọ́run ti gbé kálámù tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ ẹ̀dá sílẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, wọn kì í kọ ìrun tó bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ sí i lọ́rùn. Mọ̀dínátù dúpẹ́, ó padà sílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ ọ́ lára. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ irú rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn rí. Ó rọrùn láti sọ nígbà tí kì í ṣe ìyá òun.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Zulaihat, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, béèrè pé kí gan-an ni ìtumọ̀ Ìsìláàmù. Mọ̀dínátù dá a lóhùn kíá pé òun ni kí èèyàn jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún Ọlọ́run pátápátá. Zulaihat mirí. Ó tún béèrè pé báwo lèèyàn ṣe máa ń mọ̀ pé òun ti jọ̀wọ́ ara òun. Mọ̀dínátù bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn òpó ẹ̀sìn fún un: ìjẹ́rìí, ìrun, sàká, ààwẹ̀, háájì. Zulaihat rọra ní òun mọ àwọn yẹn, mà, pé ti inú ọkàn lòun ń béèrè. Mọ̀dínátù ní kó kọ́kọ́ mọ Fátíhà kà dáadáa ná. Àwọn obìnrin yòókù rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bá ẹ̀kọ́ lọ.

Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí ìyá arúgbó fi sọnù. Oníbàárà kan wá wọn aṣọ lẹ́yìn Àyìlà. Kí Mọ̀dínátù tó wọ̀n ọ́n tán, kó sì yíjú padà, àga ìyá ti ṣófo. Ó wo inú iyàrá, kò sí níbẹ̀. Ó wo ẹ̀yìnkùlé, kò bá a. Mọ̀dínátù fi oníbàárà sílẹ̀, okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn òun fúnra rẹ̀, ó bọ́ sí títì, ọkọ̀ sì ń lọ gbuuru lọ́tùn-ún lósì. Ó sá dé mọ́sáláṣí, wọn ò rí ìyá níbẹ̀. Ó pe Zikrullah, ìyẹn ní òun ti ń gun ọ̀kadà bọ̀. Gbogbo oníkẹ̀kẹ́ tó bá rí ló ń bi léèrè, títí ọ̀kan fi sọ fún un pé òun rí ìyá àgbàlagbà kan tó mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, tó yà sí àdúgbò tí ṣọ́ọ̀ṣì kan wà.

Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kọ́. Gbọ̀ngàn kan ni nísàlẹ̀ ilé alájà, àwọn àga oníke ló kún inú rẹ̀. Bàtà ìyá ni Mọ̀dínátù kọ́kọ́ rí lẹ́nu ọ̀nà, méjèèjì tò síra wọn. Obìnrin kan tó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ jáde sí i. Susanna lorúkọ rẹ̀, òun ló ń tọ́jú ilé ìsìn náà.

"Ìyá yín lẹ̀ ń wá, àbí?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ara wọn le, mà."

Ó ṣàlàyé pé àwọn akọrin ń kọ́ orin lọ́wọ́ nígbà tí ìyá wọlé. Ìyá bọ́ bàtà, ó kí gbogbo wọn, ó sì béèrè omi. Susanna rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, ó fún un ní píọ́-wọ́tà kan. Ìyá fi ṣan ọwọ́, ó fi bọ́jú, ó sì ń wá èyí tí yóò fi ṣan ẹsẹ̀. Nígbà náà ló tó yé Susanna pé ìrun ni ìyá fẹ́ kí. Ó já òmíràn fún un, ó sì tẹ́ ìborùn ara rẹ̀ sílẹ̀ láàárín àga. Àwọn akọrin ò dúró dìgbà tí ẹnì kan yóò sọ fún wọn, wọ́n dákẹ́, wọ́n sì jókòó.

Mọ̀dínátù wo ìwájú. Ìyá rẹ̀ ló dúró níbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ibi tó yẹ kó kọjú sí, àgbélébùú wà lára ògiri lókè orí rẹ̀. Ara Mọ̀dínátù gbóná fún ìtìjú. Ó sún síwájú láti lọ fà á jáde. Susanna fọwọ́ kàn án lápá.

"Alhaja, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí."

Mọ̀dínátù dúró. Ìyá tẹ̀, ó nà, ó sì forí kanlẹ̀. Kì í ṣe Fátíhà ló ń kà. Kò tiẹ̀ fi kéwú sọ nǹkan kan. Yorùbá Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń sọ, gbogbo gbọ̀ngàn sì ń gbọ́ ọ.

"Èmi rè é, Ọlọ́run. Èmi náà rè é. N ò mọ ibi tí mo wà, ṣùgbọ́n Ìwọ mọ̀ ọ́n. Bó o bá ṣe fẹ́ ni kó o ṣe mí."

Kò sí ẹ̀rù nínú ohùn náà. Ohùn ẹni tó délé tó sọ ẹrù kalẹ̀ ni. Mọ̀dínátù ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ìyá rí láti ìgbà tó ti mú un wá sí Èkó. Ó gbìyànjú láti rántí ọjọ́ tí òun fúnra òun ti bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ báyìí kẹ́yìn, kò rántí. Ohun tó rántí ni pé bí òun bá forí kanlẹ̀, ohun tí òun máa ń rò ni bóyá ohun tí òun kà jáde bó ṣe yẹ. Ó fa àga kan, ó jókòó sáàárín àwọn akọrin.

Nígbà tó yá, ìyá sálámà sọ́tùn-ún, ó sálámà sósì, ó sì parí ìrun rẹ̀. Ó rí Mọ̀dínátù. Kò pe orúkọ rẹ̀, kò sì jọ pé ó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín sí i.

"Ṣé ìwọ náà wá kírun ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Mọ̀dínátù wí.

Zikrullah bá wọn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ rìn lọ sílé. Kí wọ́n tó lọ, Mọ̀dínátù ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Susanna títí ìyẹn fi ní ó tó.

Ọ̀rọ̀ ò pẹ́ kó tó tàn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Àìkú, gbogbo àsàlátù ti gbọ́ pé ìyá olùkọ́ wọn kírun sábẹ́ àgbélébùú. Àgbà kan nínú wọn dá a lábàá, kò sì sọ ọ́ tìjàtìjà, pé ó yẹ kí wọ́n mú ìyá wá kó tún ṣe ìjẹ́rìí, kí ọkàn gbogbo èèyàn lè balẹ̀. Wọ́n ń retí pé Mọ̀dínátù á gbà, torí ẹni tó máa ń tún nǹkan ṣe ni.

"Ìyá mi ò kúrò nínú Ìsìláàmù," ni Mọ̀dínátù sọ. "Èmi tí mo ń kọ́ yín ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wọn níbẹ̀."

Àwọn kan ò fẹ́ràn ohun tó sọ, wọn ò sì wá mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Àwọn tó kù ṣí Kùránì wọn. Ẹni àkọ́kọ́ tó kàwé fa ibi tí kò yẹ, Mọ̀dínátù dá a dúró, ó ní kó tún un kà.

Nílé, ẹní méjì ló ń tẹ́ báyìí. Bí ìyá bá ṣe fẹ́ ló ń ṣe lórí tirẹ̀, Mọ̀dínátù kì í sì bá a sọ nǹkan. Ojú ìyá wálẹ̀. Ìgbà kan wà tó ń dìde fúnra rẹ̀ bó bá ti gbọ́ ìpè ìrun.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, àìsàn ìgbàgbé náà tún wọlé sí ìyá lára. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mọ̀dínátù tẹ́ ẹní méjèèjì, ìyá sì wo ilẹ̀, ó béèrè pé kí ni wọ́n ń fi nǹkan yìí ṣe. Mọ̀dínátù la ẹnu láti ṣàlàyé, kò sì ṣàlàyé mọ́. Ó ká ẹní ìyá, ó gbé e sí igun, ó kí ìrun tirẹ̀. Ìgbà tó forí kanlẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó dá iyè ìyá òun padà. Lọ́jọ́ náà, kò bẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń sunkún, ó sì fi ìyá lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Bó ṣe dìde, ìyá ní ebi ń pa òun. Mọ̀dínátù bu ẹ̀kọ gbígbóná fún un, ó fi wàrà àti ṣúgà sí i, ó jókòó tì í, wọ́n sì ń wo àwọn tó ń kọjá lójú títì títí ìyá fi mu ún tán.