Orí Bàbá Kelepi

Ẹ má bá mi wá àwáwí. Ojú ń tì mí, ó sì yẹ kó tì mí.

Orí igi máńgòrò ni Bàbá Kelepi ti já bọ́, tí wọ́n forí sọlẹ̀. Láàárọ̀ kùtù ni wọ́n gbé wọn wá sílé ìwòsàn wa ní Vavaʻu, erékùṣù kan ní Tonga, Dókítà Heimuli sì ní kí èmi Folola, nọ́ọ̀sì àgbà, máa ṣọ́ wọn.

"Ní ìdajì wákàtí sí ìdajì wákàtí, pè wọ́n. Bí wọn ò bá dáhùn, fi àtàǹpàkò tẹ egungun òkè ojú wọn, kó dùn wọ́n dáadáa. Bí wọ́n bá gbá ọwọ́ ẹ dànù, kò burú. Bí apá wọn bá nà, tó le gbagidi, ọpọlọ ń wú nìyẹn. Ké sí mi kíá, kí wọ́n lè bá ọkọ̀ òfúrufú aago mẹ́wàá lọ bá oníṣẹ́ abẹ ní olú-ìlú, ní Nukuʻalofa." Ó wọ yàrá ìgbẹ̀bí lọ.

Òkè ojú kẹ̀? Orí náà ni! Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Bàbá Kelepi, ìyẹn ni pé bàbá mi ni wọ́n. Ọmọ Tonga wo ló ń fọwọ́ kan orí bàbá ẹ̀? Èèwọ̀ ni. Èmi tí mi ò jẹ àjẹkù oúnjẹ wọn rí, torí èèwọ̀ nìyẹn náà lọ́dọ̀ wa. Ìyàwó wọn, Màmá Lesieli, sì jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ojú wọn ò kúrò lára ọwọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì méjì wà nítòsí tí mo lè bẹ̀ kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́. Mi ò bẹ̀ wọ́n. Wọn ì bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Èékánná ọwọ́ ni mo tẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni ń wò ó bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pọ́n. Wọn ò mira. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù. Ẹ gbọ́ irọ́! Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo kọ ọ́.

Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, Dókítà yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Folola, bàbá ńkọ́?"

"Bí wọ́n ṣe wà náà ni, Dókítà."

"Ṣé o tẹ̀ ẹ́ dáadáa?"

"Mo tẹ̀ ẹ́."

A gbọ́ ariwo ọkọ̀ òfúrufú náà nígbà tó ń gbéra. Kò pẹ́ sí i, Dókítà wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ òkè ojú Bàbá Kelepi. Apá méjèèjì nà gbagidi, àtẹ́lẹwọ́ yí síta, wọ́n fún eyín pọ̀.

"Ẹ wò ó! Wọ́n ń nara!" Màmá Lesieli ti dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. "Wọ́n fẹ́ jí!"

Dókítà wo ìwé mi, ó wò mí. "Ìgbà wo lèyí bẹ̀rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀ kẹ̀? Kí lo wá ń kọ látàárọ̀?"

"Mi ò fọwọ́ kan orí wọn rárá, Dókítà."

Kò bú mi. Ì bá sàn ká ní ó bú mi. Ó sáré lọ sídìí fóònù, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bó ṣe ń bẹ àwọn tó ni ọkọ̀ òfúrufú. Ọkọ̀ òfúrufú míì, ó di ọ̀la.

Màmá Lesieli di ọwọ́ mi mú. "Folola ọmọ mi, gbogbo ẹ̀ ni mo rí. O ò fọwọ́ kan orí bàbá ẹ. Bí wọ́n bá jí, màá sọ fún wọn. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí dókítà yẹn tún fọwọ́ kan orí wọn mọ́."

"Màmá, wọn ò nara o," ni mo wí. "Wọ́n ń lọ ni. Èmi ni mo fà á."

Wọn ò gbọ́ mi, tàbí wọn ò fẹ́ gbọ́. Ìdajì wákàtí ti tún pé. Mo yọ ọwọ́ mi lọ́wọ́ Màmá Lesieli, mo gbé àtàǹpàkò lé òkè ojú bàbá mi, mo sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa, lójú ìyàwó wọn, nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú ti lọ tán.