Ojú Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Jẹ́rìí

Adéyọ̀sọ́lá ló máa ń dá orin fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn ní Festac kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ọ́fíìsì àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Trade Fair ló ti ń ṣiṣẹ́, òun àti ìyá rẹ̀, òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀, sì jọ ń gbé nínú fúláàtì kan.

Ó kọ́kọ́ ń rù. Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, oorun ò kùn ún mọ́. Nígbà tó yá, ìpéǹpéjú rẹ̀ sún sókè, funfun ẹyinjú hàn yí ká, bí ẹni tí nǹkan dẹ́rù bà. Ìyàwó pásítọ̀ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Yọ̀sọ́lá, jọ̀ọ́, máa dúró lẹ́yìn. Àwọn ọmọdé ń bẹ̀rù.”

Bímpé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà Fàósátù, àgbà obìnrin tí kì í fi epo bo iyọ̀, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

“Ẹ̀yà ara kékeré kan wà níwájú ọ̀fun rẹ tí wọ́n ń pè ní tírọ́ìdì. Tìrẹ ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àìsàn yẹn náà ló ń mú kí ẹran ẹ̀yìn ojú rẹ wú, tó fi ń tì í síta.” Ó kọ oògùn oníhóró àti èyí tí yóò máa kán sójú fún un. “Má pa oògùn yìí jẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí àwọ̀ nǹkan bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá lójú rẹ, má dúró dọ̀la kí o tó wá.”

Oṣù méjì ló fi lò ó, àyà rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ìgbà náà ni ìjọ kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún. Pásítọ̀ Ernest pe ìyá àti ọmọ sí yàrá rẹ̀.

“Ẹ̀mí ló wà nídìí ojú yìí, kì í ṣe àìsàn. Ẹ gbé oògùn sílẹ̀, kí Ọlọ́run nìkan lè gba ògo.”

“Pásítọ̀, dókítà ní kí n má pa á jẹ o.”

Ìyá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nítan. “Ta ló dá dókítà?”

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá kó oògùn náà sínú àpótí tirẹ̀. “Tí o bá fẹ́ràn mi, gbọ́ tèmi lẹ́ẹ̀kan péré.” Yọ̀sọ́lá gbọ́. Ohun tó wá ń dùn ún jù nìyẹn: kò sẹ́ni tó fi okùn dè é.

Ààwẹ̀ parí, wọ́n tún fi òmíràn lé e, ó di oṣù mẹ́ta. Ojú náà yọ débi pé kò lè pa á dé tó bá ń sùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní ọ́fíìsì, ó fọwọ́ bo ojú ọ̀tún, fáìlì pupa tó wà níwájú rẹ̀ sì dà bí eérú. Ó pe Bímpé lórí fóònù, ó ń sunkún.

Dókítà Fàósátù ò jágbe mọ́ ọn. “Iṣan tí ojú méjèèjì fi ń ríran ni ẹran tó wú yẹn fún mọ́lẹ̀,” ló wí. Ọjọ́ náà ni wọ́n dá a dúró sí ọsibítù. Wọ́n fa oògùn líle sí i lára fọ́jọ́ mẹ́ta. Ojú ọ̀tún jí díẹ̀, tòsì ò jí. Wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n gé lára egungun tó yí ojú méjèèjì ká kí ẹran náà lè ráyè, kó má fún iṣan náà mọ́.

Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, ojú méjèèjì ti wọlé padà. Ọ̀tún ń ríran. Òsì mọ ìmọ́lẹ̀ yàtọ̀ sí òkùnkùn, kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

“Ká ní o wá ní oṣù kan ṣáájú ni,” dókítà bẹ̀rẹ̀, kò sì parí rẹ̀.

Ẹni tó bá wò ó lásán ò lè mọ̀ pé ọ̀kan ti fọ́. Ìdí nìyẹn tí Pásítọ̀ Ernest fi pariwo Halelúyà lọ́jọ́ tó padà sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fà á lọ́wọ́ dé iwájú.

“Ìjọ, ẹ wo ojú yìí! Láìsí ọ̀bẹ!” Ó gbé makirofóònù fún un, ó sì sọ ọ́ wẹ́lẹ́ sí i létí: “Má dárúkọ ọsibítù.”

Yọ̀sọ́lá wo gbogbo ìjọ. “Ọ̀bẹ kàn án o. Dókítà ló gé egungun tó yí ojú mi ká. Ojú òsì yìí ti fọ́, torí ibí ni wọ́n ti ní kí n gbé oògùn sílẹ̀, mo sì gbé e sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni tí—”

Wọ́n pa makirofóònù. Ẹni tó ń tẹ dùùrù bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́, gbogbo ìjọ sì gbè é. Ó gbé makirofóònù sílẹ̀, ó jáde.

Ìyá rẹ̀ bá a nílé. “O dójú tì mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà ní ìjọ yẹn.”

“Mọ́mì, ojú mi kan ò ríran mọ́.”

“Mo mọ̀. Ṣé gbogbo ayé ló yẹ kó gbọ́ ni?”

Yọ̀sọ́lá dúró. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń retí, pé kí ìyá òun ní kí òun má bínú. Ìyá ò sọ ọ́. Ó wọ yàrá, ó lọ bọ́ gèlè rẹ̀.

Kí oṣù náà tó parí, Yọ̀sọ́lá ti gba yàrá kan ní Ijegun-Egba. Ó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Nígbà mìíràn, tó bá ń da omi sínú kọ́ọ̀bù, ojú kan kì í jẹ́ kó mọ bí kọ́ọ̀bù ṣe jìnnà tó, ilẹ̀ ló ń dà á sí. Ní Sátidé, ìyá rẹ̀ máa ń fi ọbẹ̀ rán Bímpé sí i. Yọ̀sọ́lá máa ń jẹ ọbẹ̀ náà tán, á fọ abọ́ rẹ̀ mọ́, á sì dá a padà láìfi iṣẹ́ kankan rán Bímpé sí ìyá rẹ̀.